Garawa Omi Iyọ̀ Lábẹ́ Mítà

Ọ̀rọ̀ kan péré ló fẹ́ pa ìyá bàbá mi. Ọ̀rọ̀ náà kò gùn, kò sì le, ọmọ ọdún méjì mọ̀ ọ́n pè: iná.

Ẹ̀yin náà, ẹ wò ó. Èyí tí a fi ń se ọbẹ̀, iná ni. Èyí tó ń jó igbó, iná ni. Èyí tó wà nínú gílóòbù, tí inú wa ń dùn sí bí wọ́n bá mú un dé, iná náà ni. Bí a bá sì fẹ́ kí gílóòbù náà sinmi, a ó ní kí ọmọdé lọ pa iná, bí ẹni pé ó fẹ́ lọ bomi sí ààrò. Ìyá àgbà kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó gbọ́ Yorùbá dé ìdí. Bí iná bá jẹ́ iná, tí a sì ń pa á, ó mọ ohun tí wọ́n fi ń pa iná láti ìgbà tí aláyé ti dáyé. Omi ni.

Agbowó ni a ń gbé nígbà náà, láàárín àwọn ọdún 1980, nínú ilé kan tó kọjú sí ọ̀nà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ń gbà lọ ra búrẹ́dì. Bàbá mi ń ṣiṣẹ́ akọ̀wé ní Sẹkitéríàtì, màmá mi sì jẹ́ nọ́ọ̀sì tí iṣẹ́ rẹ̀ kò mọ ọ̀sán, kò mọ òru. Nítorí náà, ká sọ òótọ́, ìyá àgbà ló tọ́ mi. Ó ti Ṣakí wá bá wa lẹ́yìn tí bàbá àgbà kú, ó gbé Bíbélì kan tí kò lè kà dání, àti ohùn kan tí gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì wa dá mọ̀ láti ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ tó dé. Yàrá méjì àti pálọ̀ la ní. Mítà iná wa wà lára ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, súìṣì ńlá tó ń pa gbogbo iná ilé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, lókè tí ọwọ́ mi kò tó.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, bàbá mi ń fi áyọ́ọ̀nù lọ ṣẹ́ẹ̀tì tó fẹ́ wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ nígbà tí sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri bẹ̀rẹ̀ sí í ta pàrà, pàrà. Èéfín yọ. Kí bàbá mi tó na ọwọ́ sí súìṣì, ìyá àgbà ti gbé omi ìwẹ̀ mi láti ẹ̀yìnkùlé, ó sì dà á lu ògiri náà. Ohun tí n kò lè ṣàlàyé títí dòní ni pé ìgbà yẹn gan-an ni wọ́n mú iná lọ ní gbogbo àdúgbò. A gbọ́ ọ láti ilé dé ilé bí gbogbo èèyàn ti ń ké "Áà!", bí wọ́n ṣe máa ń ké bí iná bá lọ.

Bàbá mi dúró pẹ̀lú áyọ́ọ̀nù lọ́wọ́, omi ń kán lára ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ìyá àgbà gbé garawa òfìfo sílẹ̀.

"O rí i?" ló wí. "Mo pa á."

"Màmá, wọ́n mú iná lọ ni o," ni bàbá mi dáhùn. "Ọlọ́run ló yọ yín."

"Àwọn ta ni wọ́n? Ṣé o rí wọn níbí? Èmi ni mo mú un lọ. Kí àwọn ará àdúgbò má bínú sí mi, n kò mọ̀ pé okùn kan náà la jọ so mọ́."

Bó ṣe di akọni nìyẹn. Ó sọ ìtàn náà fún àwọn ayálégbé, ó sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó sọ ọ́ fún obìnrin tí a ń ra èlùbọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọjà Bódìjà, àfi bí ẹni pé kìnnìún ló pa. Ó wá gbé garawa omi kan sí abẹ́ mítà, ó ní kí ẹnikẹ́ni má gbé e kúrò níbẹ̀, pé ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n.

Àwọn wolé-wolé ló wá ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́ pátápátá, láìmọ̀. Ìgbà ìjọba ológun ni, tí oníkálùkù gbọ́dọ̀ gbá àyíká ilé rẹ̀ ní Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù. Àwọn wolé-wolé a máa wọ inú ilé pẹ̀lú aṣọ kàkí lára àti tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́, wọ́n á máa yọjú wo ìkòkò àti garawa bóyá tanwíjí wà nínú omi, àwọn kòkòrò tíntìntín tó ń jó lókè sódò nínú omi tó bá dúró pẹ́, kí wọ́n tó di ẹ̀fọn. Ọ̀kan nínú wọn rí tanwíjí nínú garawa abẹ́ mítà, ó sì bá bàbá mi wí níwájú gbogbo ayálégbé bí ẹni ń bá ọmọ iléèwé wí. Ojú ti ìyá àgbà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ó da omi náà nù, ó pọn òmíràn, ó sì bu iyọ̀ ẹ̀kúnwọ́ mẹ́ta sí i. Tanwíjí kò tún yọjú síbẹ̀ mọ́.

Ẹ má gbàgbé pé iyọ̀ ìgbà yẹn kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń fi ṣeré. À ń tò fún un ni, bí a ti ń tò fún mílíìkì àti ṣúgà. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni agolo iyọ̀ ìyá àgbà wà, ẹni tó bá sì fọwọ́ kàn án láìtọrọ yóò gbọ́ ohun tí etí rẹ̀ kò fẹ́. Tó bá lè bu ẹ̀kúnwọ́ mẹ́ta nínú irú iyọ̀ bẹ́ẹ̀ sínú omi tí ẹnikẹ́ni kò ní mu, ẹ ó mọ bí garawa yẹn ti jẹ́ sí i tó.

Mo di ọmọ ọdún méjìlá. Tíṣà sáyẹ́ǹsì wa nígbà náà jẹ́ obìnrin gíga kan tí kì í jókòó, tí mo sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nítorí rẹ̀ títí di òní. Iléèwé wa kò ní ohun èlò kankan, kọ́bọ́ọ̀dù òfìfo nìkan ló wà. Obìnrin yìí yọ òkúta tọ́ọ̀ṣì láti inú báàgì ara rẹ̀, ó yọ wáyà, ó yọ gílóòbù kékeré, ó gbé omi síwájú wa nínú ife. Ó ti ẹnu wáyà méjèèjì bọ omi, gílóòbù kò tàn. Ó da iyọ̀ sí omi náà, gílóòbù tàn. Gbogbo kíláàsì pariwo. Ó ní iyọ̀ tó yọ́ sínú omi ló ń gbé iná kọjá láti ẹnu wáyà kan sí èkejì. Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ le. Ó ní ẹni tó bá fi iná ara ògiri dán irú èyí wò, kò ní padà wá sọ fún wa bó ti rí, nítorí pé iná ara ògiri lágbára débi pé kò tilẹ̀ nílò iyọ̀. Omi ẹ̀rọ lásán tó láti gbé e wá bá ènìyàn.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń kọ ọ́ sínú ìwé. Èmi kò lè kọ nǹkan kan. Garawa abẹ́ mítà ni mo ń rí, àti ìyá mi àgbà tó gbé e sókè pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

Mo sọ fún bàbá mi nírọ̀lẹ́. Ó bọ́ gíláàsì rẹ̀, ó fọwọ́ nu ojú. "Mo ti sọ ọ́ sọ ọ́," ló wí. "Bí mo bá ti ẹnu bọ̀ ọ́, wọ́n á ní ṣé èmi ni mo bí àwọn àbí àwọn ni wọ́n bí mi. Ìwọ náà lọ gbìyànjú." Màmá mi tilẹ̀ ti bẹ̀ ẹ́ lórí ìkúnlẹ̀ rí, ó kàn rẹ́rìn-ín, ó ní kí ìyàwó òun má bẹ̀rù, pé òun wà níbẹ̀.

Ọgbọ́n mi àkọ́kọ́ kò ju ti ọmọdé lọ. Mo da omi náà nù nígbà tó sùn lọ́sàn-án. Ó jí, ó rí i, ó fi ìka kàn mí lórí kó, ó pọn òmíràn, iyọ̀ mìíràn tún wọ inú rẹ̀. "Bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà," ló ń wí bó ti ń ro omi náà pọ̀, "kò lè ní àkísà tó àgbà." Ìgbà yẹn ni mo rí i pé bí mo bá fi ẹnu sọ ọ́, asán ni. Nínú ilé wa, ọmọdé kì í sọ fún àgbà pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí òfin tó ní kí ọmọdé má fi iṣẹ́ tí wọ́n fún un níléèwé han àgbà.

Ní ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn tí a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé tí a sì ti jẹun, mo kó ẹrù mi jọ sórí àpótí ìjókòó kan ní pálọ̀. Òkúta mẹ́ta ni mo ní: méjì láti inú rédíò bàbá mi, ọ̀kan láti inú tọ́ọ̀ṣì. Mo fi ìwé wé wọn pọ̀ ní ìdí ara wọn, mo fi òwú dì wọ́n. Mo ní gílóòbù tọ́ọ̀ṣì, mo ní wáyà tí mo fà yọ lára rédíò kan tó ti kú. Nítorí pé ẹnu wáyà kéré jù, mo so ṣíbí méjì mọ́ ọn, àwọn ṣíbí tí wọ́n fi ta màmá mi lọ́rẹ nígbà ìgbéyàwó rẹ̀. Ẹ má bi mí léèrè ohun tí ojú mi rí lẹ́yìn ìgbà tí àwọn ṣíbí náà dúdú.

"Ìyá àgbà, ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ wá wo iṣẹ́ tí wọ́n fún wa."

Ó wá, ó jókòó, ó ká ẹsẹ̀ ìró rẹ̀ sókè. Mo kọ́kọ́ fi ṣíbí kan kan èkejì, gílóòbù tàn yòò. Ó pàtẹ́wọ́. "Háà! Ọmọ mi ti di oníná!" Inú mi dùn. Inú ayọ̀ yẹn ni mo ti ṣe àṣìṣe: mo ní kí n ṣe é bí tíṣà wa ti ṣe é, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo ti ṣíbí méjèèjì bọ abọ́ tánńganran tí mo bu omi lásán sí, láìjẹ́ kí wọ́n kan ara wọn. Gílóòbù kú.

Ìyá àgbà dìde dúró.

"Ó pa á!" Ó na ọwọ́ sókè. "Omi pa á! Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń fi mí ṣẹ̀sín, ẹ wá wò ó, iléèwé ló sọ ọ́! Tíṣà yín mọṣẹ́, ọmọ mi. Bá mi kí i dáadáa."

Ó ti ń lọ sẹ́nu ọ̀nà láti pe àwọn ayálégbé. Mo rọ̀ mọ́ ìró rẹ̀. Ọgbọ́n tí mo gbé kalẹ̀ láti fi gbà á lọ́wọ́ ikú ti di ẹ̀rí tí yóò fi máa jẹ́rìí gbe ara rẹ̀.

"Ìyá àgbà, ó ku ọ̀kan mà. Ẹ jọ̀ọ́, ó ku ẹyọ kan péré."

Mo sáré lọ bu omi nínú garawa abẹ́ mítà. Mo da ti abọ́ nù, mo da èyí sí i. Mo ti ṣíbí bọ̀ ọ́. Nǹkan kan kò kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀. Mo sún àwọn ṣíbí mọ́ra díẹ̀, mo fa kọ́tìnì pálọ̀ kí ibẹ̀ lè ṣókùnkùn, mo sì rí i: okùn tín-ínrín inú gílóòbù náà pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, bí ẹnu sìgá tó fẹ́ kú.

Ìyá àgbà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Kí ló ń pọ́n níbẹ̀ yẹn?"

"Iná ni mà."

"Omi sì wà láàárín wọn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni mà. Omi garawa yín ni."

Lẹ́yìn náà ló ṣe ohun tí n kò rí i kó ṣe rí. Ó wọ yàrá, ó gbé agolo iyọ̀ rẹ̀ jáde láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tọrọ. "Iyọ̀ tó wà níbẹ̀ kò tó ni," ló wí. "Bí epo bá gbiná nínú agbada, iyọ̀ la fi ń bò ó. Ẹ̀kúnwọ́ kan báyìí, yóò kú." Ó bù ú, ó dà á sínú abọ́, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ rò ó.

Gílóòbù náà tàn yòò. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kan ojú rẹ̀, mo rí gbogbo ilà Ọ̀yọ́ tó wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó fa ọwọ́ yọ kíá, omi iyọ̀ ń kán ní ìka rẹ̀.

"Tún un ṣe," ló wí.

A tún un ṣe. Omi lásán, kò tàn. Iyọ̀, ó tàn. Ìgbà mẹ́ta ni, ẹ̀ẹ̀kẹta ìyá àgbà fúnra rẹ̀ ló di ṣíbí mú. Ohun tí mo fẹ́ràn jù lọ nípa obìnrin yẹn nìyí: kì í tètè gbà, ṣùgbọ́n bí ojú rẹ̀ bá ti rí nǹkan, kì í purọ́ fún ojú rẹ̀.

"Mo ti mọ̀ ọ́n," ló wí níkẹyìn. "Iyọ̀ ni ọ̀dàlẹ̀."

Ó dìde, ó da omi garawa nù, ó fi kànrìnkàn fọ inú rẹ̀ títí ó fi ń dán, ó pọn omi ẹ̀rọ tuntun sí i láìfi iyọ̀ kankan sí i, ó sì gbé e padà sí abẹ́ mítà. Ó padà wá jókòó, ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

Mo sọ fún un pé iná ara ògiri kì í ṣe ẹgbẹ́ òkúta tọ́ọ̀ṣì, pé omi lásán náà tó fún un. Ó ní iná ni iná ń jẹ́, kékeré àti ńlá. Mo bú sẹ́kún. N kò sunkún bẹ́ẹ̀ rí nítorí ohun tí ẹnikẹ́ni kò torí rẹ̀ nà mí.

"Kí ló ń pa ọ́ lẹ́kún?"

"Ẹ̀rù ń bà mí kí ẹ má lọ kú mà."

Ó wò mí. Ó fa orí mi mọ́ àyà, ó ń rẹ̀ mí lẹ́kún bí ẹni ń rẹ ọmọ ọwọ́, ó ní òun kò ní kú, pé òun ó dúró jẹun lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n garawa náà wà níbi tó wà.

Bóyá ọ̀sẹ̀ kan ló kọjá kí òjò kan tó rọ̀ nírọ̀lẹ́. Wọ́n ti mú iná lọ kó tó bẹ̀rẹ̀, bí àṣà. Èmi àti ìyá àgbà jókòó sí ẹnu ọ̀dẹ̀dẹ̀, à ń wo bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń sáré wá ibi tí wọ́n máa fara pamọ́ sí, rédíò bàbá mi ń sọ̀rọ̀ lórí ìjókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Wọ́n ń ka ìròyìn ní Yorùbá. Ọkùnrin tó ń kà á dé orí abúlé kan tí wọ́n fẹ́ fa iná mọ̀nàmọ́ná dé.

"Kí ló pè é?" ni ìyá àgbà bi mí.

"Iná mọ̀nàmọ́ná ni mà. Orúkọ rẹ̀ gan-an nìyẹn. Àwa la gé e kúrú."

Àsìkò yẹn ni ojú ọ̀run kọ mànà lápá ibi tí yunifásítì wà. Ilẹ̀ mọ́ kedere, ó tún ṣú. Ìyá àgbà na ìka sí òkè.

"Mọ̀nàmọ́ná. Èyí tó wà lókè yẹn?"

"Tíṣà wa ní ọ̀kan náà ni wọ́n mà. Ti òkè ló lágbára jù."

Ìròyìn parí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ orin. N kò mọ ohun tó ń rò, mo rò pé ó ti ń tòògbé. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò dún bí ohùn rẹ̀.

"Mo ní ọ̀rẹ́ kan ní Ṣakí," ló wí. "A jọ ń lọ sí oko ni. Inú òjò ni mọ̀nàmọ́ná ti pa á. Aṣọ ara rẹ̀ tutù rinrin, omi ń ṣàn lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, inú omi yẹn ló ti wá bá a." Ó mi orí. "Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, n kò rí òjò kan tó pa mọ̀nàmọ́ná. Inú òjò nilé rẹ̀."

Ó dìde. Ó lọ sí ìdí mítà, mo gbọ́ tí apá garawa dún, ó sì gbé e jáde wá sí ẹnu ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó da omi náà sínú òjò. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí mi, ìbínú rẹ̀ ti padà dé, inú mi sì dùn láti rí i.

"Ẹ̀yin alákọ̀wé, ẹ̀yin lẹ fẹ́ pa wá! Ẹ mú ọmọ mọ̀nàmọ́ná wọ ilé, ẹ wá ń pè é ní iná lásán. Ká ní ẹ ti ń pe gbogbo orúkọ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ta ni ì bá bomi sí i?"

Ó gbé garawa òfìfo náà lọ sí ẹ̀yìnkùlé.

Láti ọjọ́ yẹn, ìyá àgbà kò pe iná ilé ní iná mọ́. "Ẹ pa mọ̀nàmọ́ná yàrá yín." "Wọ́n ti mú mọ̀nàmọ́ná dé o." Àwọn ayálégbé ń rẹ́rìn-ín, kò dá wọn lóhùn. Nígbà tí bàbá mi ti ibi iṣẹ́ dé ní ọjọ́ kejì òjò náà, ìyá àgbà bi í léèrè, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń bi ọ̀gá rẹ̀, pé kí ló wá ń pa mọ̀nàmọ́ná nígbà tí omi kì í pa á. Bàbá mi mú un lọ sí ìdí mítà, ó fi súìṣì ńlá hàn án. Ó ní kó fà á wálẹ̀. Ó fà á, gbogbo ilé ṣókùnkùn. Ó tì í sókè, gbogbo ilé mọ́lẹ̀. Ó ṣe é tó ìgbà mẹ́rin kí ayálégbé kan tó bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo láti yàrá rẹ̀. Mo rí ojú bàbá mi lọ́jọ́ yẹn, mo sì mọ̀ pé ó ti pẹ́ tí ọkàn rẹ̀ kò ti balẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Mo lérò pé ìtàn náà parí síbẹ̀, èmi ni mo sì jàre níbẹ̀. Ọdún méjì ni mo fi ń yan kiri nínú ọkàn mi pé èmi ni mo gba ìyá àgbà là.

Mo ti di ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Ọ̀sán ọjọ́ iṣẹ́ kan ni, àwọn òbí mi kò sí nílé, ìyá àgbà ń ṣa ẹ̀wà lẹ́yìnkùlé, èmi ń fọ abọ́. Mo gbọ́ òórùn rọ́bà tó ń jó. Mo wọ pálọ̀. Sọ́kẹ́ẹ̀tì tí a ti firíìjì bọ̀ ti dúdú, ó ń ta pàrà, kọ́tìnì tó wà lókè rẹ̀ sì ti gbiná, ọwọ́ iná náà ń gun òkè lọ sí àjà.

Ẹ má bi mí pé níbo ni sáyẹ́ǹsì mi wà. Mo ti gba A nínú rẹ̀ lọ́dún yẹn. N kò rí wáyà, n kò rí sọ́kẹ́ẹ̀tì, iná ni mo rí, ẹnu mi sì ń ké iná, iná. Mo sáré padà sẹ́yìn, mo gbé gbogbo abọ́ omi tí mo fi ń fọ àwo, omi ọṣẹ àti iyọ̀ ọbẹ̀, mo gbé e wọlé. Ẹsẹ̀ mi tutù, ọwọ́ mi tutù. Mo ti gbé e sókè dé èjìká.

"Mọ̀nàmọ́ná ni!"

N kò tí ì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pariwo bẹ́ẹ̀ nínú ilé. Ẹsẹ̀ mi kú síbi tó wà. Ìyá àgbà kò dúró tì mí, ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, arúgbó tí eékún ń dùn, tó ń fi ọ̀pá rìn láti ọdún tó kọjá. Mo gbọ́ súìṣì ńlá náà: gbà. Sọ́kẹ́ẹ̀tì dákẹ́. Firíìjì dákẹ́. Kọ́tìnì nìkan ló ń jó.

Ó yọ sí ẹnu ọ̀nà, ó di ògiri mú, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Ó yá," ló wí jẹ́jẹ́. "Mo ti pa mọ̀nàmọ́ná. Iná lásán ló kù yẹn. Da omi rẹ sí i."

Mo dà á. Ó kú ṣìì. Mo jókòó sínú omi náà.

Màmá mi ló kọ́kọ́ dé. Ó rí ògiri dúdú, ó rí kọ́tìnì, ó ká ọwọ́ lé orí. Ó ń bi wá pé kí ló ṣẹlẹ̀, ta ló pa á, ṣé kò sí ẹni tó fara pa. Mo ya ẹnu láti jẹ́wọ́. Mo fẹ́ sọ pé èmi tí mo kọ́ wọn ni mo gbàgbé, pé mo ti gbé ikú sókè dé èjìká. Ìyá àgbà ti gba ọ̀rọ̀ náà mọ́ mi lẹ́nu.

"Ọmọ rẹ ló pa á," ló wí fún màmá mi. "Ohun tó kọ́ mi ni mo ṣe. Òun ló da omi sí i. Mú un, kó lọ wẹ̀, ó ti rẹ̀ ẹ́."

Màmá mi gbá mi mọ́ra, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Bàbá mi dé, òun náà dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó ra bísíkíìtì fún mi ní ọjọ́ kejì, ó sì ń sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Sẹkitéríàtì pé ọmọ òun yóò di onímọ̀ sáyẹ́ǹsì. Mo jẹ bísíkíìtì náà. Mo wo ìyá àgbà, kò wo ojú mi, ẹ̀wà rẹ̀ ló ń ṣà.

Mo di tíṣà físíìsì lóòótọ́. Ìyá àgbà gbé ọdún mọ́kànlá sí i láyé lẹ́yìn ọ̀sán yẹn, ó jẹun lọ́wọ́ mi bó ti sọ, ó sì rí ọmọ mi àkọ́kọ́. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, nígbà ìjà, nígbà àwàdà, nígbà tí mo bá ń fi ìwé gbéraga sí i, kò fìgbà kan rán mi létí abọ́ omi yẹn, kò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Èmi ni mo ń sọ ọ́ lónìí.